Táyà tó ṣì ní eyín, kí ló dé tó fi bẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, lápá ọ̀tún, bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lórí òpópónà márosẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Eré tí mò ń sá kò ju 110 lọ. Àwa márùn-ún la wà nínú ọkọ̀, ẹrù sì kún búùtù. Ọlọ́run yọ wá, ẹnikẹ́ni ò farapa. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé táyà náà ṣì ní eyín dáadáa, ìyẹn rọ́bà tó ga lójú táyà tó ń kan ilẹ̀, mi ò sì rí ìṣó kankan lára rẹ̀. Eyín yẹn ló bó kúrò lódindi, tí wáyà inú táyà sì yọ síta. Tọ́kùnbọ̀ ni mo ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò tíì pé ọdún méjì. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń fi ẹsẹ̀ gbá wọn wò kí n tó jáde, wọ́n sì máa ń le. Ẹnì kan ní kí n lọ ka nọ́mbà ara wọn: 3114 ló wà lára èyí tó bẹ́ àti èkejì rẹ̀ lẹ́yìn, ti iwájú jẹ́ 4913 àti 0819. Kí ló fà á? Ṣé kí n pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, àbí ẹyọ kan tó bẹ́ yẹn ti tó? Báwo ni kí n ṣe máa tọ́jú èyí tí mo bá tún rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu o. Ẹ kú orí ire. Kí táyà ẹ̀yìn bẹ́ lórí eré 110, kí èèyàn márùn-ún sì sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa, ọpẹ́ ló kọ́kọ́ yẹ.

Nọ́mbà tí ẹ lọ kà yẹn ti sọ apá kan ohun tó ṣẹlẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. 3114 ni ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2014. 4913 ti dàgbà jù ú lọ, oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é. 0819 ni àbúrò wọn, oṣù Kejì ọdún 2019. Nítorí náà, ọdún méjì tí ẹ fi lo táyà yìí kọ́ ni ọjọ́ orí rẹ̀. Táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá ni ẹ gbé èèyàn márùn-ún lé lórí. Ẹni tó tà á fún yín mọ̀, tàbí kó jẹ́ pé kò fẹ́ mọ̀.

Rọ́bà ń gbó, yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn. Oòrùn, ooru àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí kì í fi fà mọ́ bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣe táyà máa ń po èròjà kan bí ìda mọ́ rọ́bà. Bí táyà bá ṣe ń yí lójú ọ̀nà ni èròjà yìí ń sun jáde wá sójú rẹ̀, tó ń dáàbò bò ó. Táyà tó wà lójú kan láti ọdún dé ọdún kì í rí i gbà tó. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n gbé pamọ́ fi máa ń ní táyà tó sán káàkiri ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ eyín rẹ̀ kò jẹ rárá. Eyín ń sọ iye ọ̀nà tí táyà ti rìn. Kì í sọ iye ọdún tó ti lò láyé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ló ní kí á pààrọ̀ táyà bó bá ti pé ọdún mẹ́fà. Àwọn tó ń ṣe táyà fúnra wọn sábà máa ń ní ọdún mẹ́wàá ni òpin, kódà bí eyín bá pé, kódà bó jẹ́ sípéà tí kò kan ilẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́. Ìṣó sábà máa ń mú kí táyà jò ni, díẹ̀díẹ̀ tàbí kíákíá. Kí eyín bó kúrò lódindi lára wáyà, ooru ló ń ṣe é, afẹ́fẹ́ tó kéré ló sì sábà máa ń bí ooru yẹn. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo fura sí jù nínú gbogbo àlàyé tí ẹ ṣe, ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń gbá táyà wò yẹn ni.

Ẹ wò ó báyìí. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń tẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀. Bó ṣe ń yí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀, á nà, á tún tẹ̀, á tún nà. Ẹ mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gbóná lọ́wọ́ yín, lẹ́yìn náà ni yóò já. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí táyà nìyẹn. Táyà 205/55R16, tó wọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ó tó mítà méjì bí ẹ bá fi okùn wọn òbírí rẹ̀. Ìyẹn ni pé yóò yí ní nǹkan bí ìgbà 500 kó tó parí kìlómítà kan. Lórí eré 100, ìgbà 50,000 ni láàárín wákàtí kan, nǹkan bí ìgbà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tó bá yí náà ló ń tẹ̀ tó ń nà. Ẹ wá fi oòrùn ọ̀sán kún un, ẹ fi ẹrù tó kún búùtù kún un. Wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ eyín táyà, rọ́bà ló sì lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Bí ooru bá pọ̀ jù, tí rọ́bà náà sì ti gbó, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára ara wọn, níbi tí ojú ò tó. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ariwo rẹ̀, ó ti ń ṣẹlẹ̀ tipẹ́.

Ẹsẹ̀ kò lè bá yín mọ èyí. Táyà tó yẹ kó ní 32 psi (psi ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka afẹ́fẹ́ táyà), tó ti wá sọ̀ sí 24, bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ gbá a, yóò le gbagidi. Ojú náà kò ran èèyàn lọ́wọ́, torí pé àwọn táyà òde òní máa ń wú díẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kódà nígbà tí afẹ́fẹ́ wọn pé. Gééjì, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ra tiyín, kó máa wà nínú ọkọ̀. Ti ọwọ́ fọkanáísà náà dára, àmọ́ gééjì tó ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lè máa fi psi mẹ́ta tàbí mẹ́rin purọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀.

Iye wo ni kí ẹ fi sí i? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń pa dé. Ẹ óò rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ẹ̀yìn ìdérí epo ló máa ń wà. Iye afẹ́fẹ́ ti iwájú àti ti ẹ̀yìn wà níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, oríṣi méjì ni wọ́n kọ: ti ìgbà tí ọkọ̀ fúyẹ́ àti ti ìgbà tí èèyàn àti ẹrù bá kún un. Ìkejì yẹn ló yẹ kí ẹ ti lò lọ́jọ́ ìrìn àjò yẹn. Ẹ má ṣe lo nọ́mbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, 44 tàbí 51 tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí. Èyí tó pọ̀ jù tí táyà lè gbà ni, kì í ṣe èyí tí ọkọ̀ yín fẹ́. Ẹni tó bá fi 44 sínú táyà tó yẹ kó gba 32 ti sọ ọ́ di nǹkan líle tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lójú ọ̀nà, kì í sì í di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà òjò.

Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ti rìn, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ tú ìdérí fáàfù, ẹ tẹ gééjì mọ́ ọn ṣinṣin lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ń ṣe "ṣíì", kò jókòó dáadáa, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí àwọn méjèèjì bá bára mu, òun nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi itọ́ tàbí omi ọṣẹ díẹ̀ kan ẹnu fáàfù. Bó bá ń hó, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ jáde. Kí ẹ dá ìdérí padà, torí òun ló ń dènà eruku àti omi. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, àti ṣáájú ìrìn àjò gígùn èyíkéyìí. Táyà tí kò ní àléébù kankan ṣì máa ń pàdánù nǹkan bí psi kan lóṣù fúnra rẹ̀. Ẹ má gbàgbé sípéà o. Ti àwọn sípéà kékeré tó tín-ín-rín yẹn sábà máa ń jẹ́ 60 psi, eré 80 sì ni òpin wọn.

Ohun kan wà tí mo máa ń rí tó máa ń dùn mí. Awakọ̀ á dúró lọ́nà jíjìn, á wọn táyà tó ti gbóná, á rí 37 dípò 32, á sì tú afẹ́fẹ́ jáde títí yóò fi di 32. Kò mọ̀ pé ooru ló gbé e sókè, pé bí táyà bá tutù yóò padà sí iye rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, 27 tàbí 28 ni yóò kù sínú rẹ̀, òun náà ni yóò sì gbé lọ sí ìrìn àjò ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe tú afẹ́fẹ́ lára táyà gbígbóná.

Ọ̀rọ̀ eyín tó ń bó lára wáyà yìí ti pẹ́ láyé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Firestone pe táyà mílíọ̀nù 6.5 padà ní Amẹ́ríkà nítorí rẹ̀. Ọkọ̀ Ford Explorer ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ń lò ó, ẹ̀mí tó bá a lọ sì lé ní 200. Firestone ní 26 psi tí Ford kọ sára ọkọ̀ kéré jù. Ford ní táyà gan-an ni kò dára. Ìjà yẹn ló bí òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà, òfin yẹn ló sì bí àtùpà yẹ́lò tó ń tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù bí afẹ́fẹ́ táyà bá kéré. Bí ọkọ̀ yín bá ní in, ó dára, àmọ́ ẹ má sùn lé e. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà béèrè ni pé kó tàn bí afẹ́fẹ́ bá ti fi ìdá mẹ́rin kan dín sí iye tó yẹ. Táyà 32 yóò ti wá sí 24 kó tó pariwo. Nígbà tó bá wà ní 26, kò ní sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni ooru ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ẹrù náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn 205/55R16 yẹn, ẹ óò rí nǹkan bíi 91V. 91 ni ìwúwo tí táyà kan lè gbé, ìyẹn 615 kg. V ni eré tó lè gbà, 240 km láàárín wákàtí kan. H jẹ́ 210, T jẹ́ 190. Táyà tí ẹ bá rà kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sára bébà ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo 16 nìkan, wọ́n á ní ó ti bá ríìmù mu, ó parí. Kò parí níbẹ̀.

Ní ti eyín, òun náà ṣe pàtàkì, pàápàá nígbà òjò, torí inú àwọn pòòrò rẹ̀ ni omi ń gbà sá kúrò lábẹ́ táyà. Táyà tuntun máa ń ní nǹkan bíi mílímítà 8. Ẹ wo inú pòòrò, ẹ óò rí òkè kéékèèké tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tó dábùú rẹ̀. Bí eyín bá ti jẹ dé ìpele wọn, mílímítà 1.6 ló kù, ibẹ̀ sì ni òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi òpin sí. Lójú tèmi, 1.6 ti pẹ́ jù. Bó bá ti di 3, ẹ ti máa wá owó rẹ̀, torí lórí ilẹ̀ tó kún fún omi, ìyàtọ̀ táyà 3 àti táyà 1.6 lè jẹ́ ìyàtọ̀ kí ọkọ̀ dúró àti kó máa yọ̀ lọ.

Bí eyín ṣe jẹ tún máa ń tú àṣírí ọkọ̀. Bí àárín bá jẹ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ ti ń pọ̀ jù. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jẹ, tí àárín ṣì ga, ó ti ń kéré jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, àláímẹ́ǹtì, ìyẹn bí wọ́n ṣe to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó dúró gún, ti yẹ̀. Bó bá jẹ ní wápawàpa, ibì kan ga, ibì kan jìn, tí ọkọ̀ sì ń dún wùù bí eré bá pọ̀, ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀kì. Ẹ má wo ara nìkan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á wò dé inú lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ inú tí kò kọjú síta ni mo ti máa ń bá wáyà tó ti yọ, tí olówó ọkọ̀ kò mọ nǹkan kan.

Láti ìgbà dé ìgbà, ní nǹkan bíi kìlómítà 8,000 sí 10,000, kí wọ́n yí iwájú padà sẹ́yìn, kí wọ́n lè jẹ dọ́gba. Ní ti afẹ́fẹ́ náítírójìn tí wọ́n ń polówó, kò burú, kì í sì í ṣe dandan. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ti jẹ́ náítírójìn tẹ́lẹ̀. Owó yẹn yóò wúlò jù bí ẹ bá fi ra gééjì.

Nígbà tí ìṣó bá wọ̀ ọ́, àárín eyín nìkan ni wọ́n lè lẹ̀, ihò náà kò sì gbọdọ̀ ju mílímítà 6 lọ. Ẹ̀gbẹ́ táyà kò ṣeé lẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè lẹ̀ ẹ́, ẹ kí i kí ẹ máa lọ. Okùn tí wọ́n ń tì bọ ihò láti ìta, ẹ fi dé ilé ni. Iṣẹ́ gidi ni kí wọ́n tú táyà kúrò lára ríìmù, kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, kí wọ́n dí ihò náà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ láti inú. Nígbà tí wọ́n bá tú u, ẹ dúró tì wọ́n. Bí ìyẹ̀fun dúdú rọ́bà bá dà jáde nínú rẹ̀, tàbí tí ẹ rí ìlà kan tó ti bó yí ẹ̀gbẹ́ inú ká, wọ́n ti wa táyà yẹn láìní afẹ́fẹ́ nígbà kan rí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ má dá a padà sórí ọkọ̀, kódà bí ihò náà bá kéré bí orí abẹ́rẹ́. Wọn kò sì gbọdọ̀ fi túùbù bo àléébù mọ́lẹ̀ nínú táyà tí kì í lo túùbù. Bí ìyẹn bá bẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń tán.

Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí á má rí i o, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú ṣinṣin, kí ẹ sì tọ́jú ọkọ̀ sójú ìlà rẹ̀. Ẹ má tẹ búréèkì. Ẹ má já ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lójijì náà. Ẹ máa gbé e kúrò díẹ̀díẹ̀, táyà tó bẹ́ fúnra rẹ̀ yóò fa eré sílẹ̀. Bó bá ti rọlẹ̀, ẹ tan iná, ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Ti iwájú máa ń fa ọkọ̀ sí apá kan. Ti ẹ̀yìn ló máa ń mú ìdí ọkọ̀ jó, òun ni ó ń dààmú awakọ̀ jù.

Èyí ló mú mi dé ìbéèrè yín tó kù. Ẹyọ kan kò tó. 3114 tó kù lẹ́yìn àti 4913 iwájú gbọ́dọ̀ kúrò, wọn kò yàtọ̀ sí èyí tó bẹ́. 0819 náà ti kọjá ọdún mẹ́fà. Bí owó bá wà, ẹ pààrọ̀ òun náà kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ojúgbà. Bí owó kò bá tíì pé, tó jẹ́ pé méjì lẹ lè rà lónìí, ẹ̀yìn ni kí wọ́n de méjèèjì sí, kódà bó jẹ́ iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń fà. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì yín lè bá yín jiyàn. Bí iwájú bá yọ̀, awakọ̀ ṣì lè dín eré kù kó mú un padà. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po kí ojú tó ṣẹ́. Kí 0819 wà níwájú fún ìgbà díẹ̀, bí wọ́n bá tú u wò tí inú rẹ̀ kò ní àléébù. Kí 4913 má rin ọ̀nà jíjìn mọ́ títí ẹ ó fi rí owó ìyókù. Ẹ sì ka nọ́mbà sípéà tí ẹ fi dé ilé yẹn, torí ẹ kò sọ fún mi.

Ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ ka nọ́mbà mẹ́rin yẹn kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Táyà tuntun náà lè ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́ta. Kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù pọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n balánsì rẹ̀. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì dè, wọ́n máa ń sọ̀ díẹ̀. Àwọn àtijọ́ tí ẹ tú kúrò, ẹ má tà wọ́n, ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ fún fọkanáísà bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ wọn lójú yín, kí wọ́n má baà fọ̀ wọ́n, kùn wọ́n dúdú, kí wọ́n sì tún tà wọ́n fún ẹlòmíràn.